Ohùn tó sọnù nínú dùùrù ẹnu, àti bí wọ́n ṣe ń fi fáìlì wá a padà

Orin oko kan ni mo ń fọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan níwájú ilé tí mo ń gbé, tí Bàbá onílé fi jáde síta, tí wọ́n dúró, tí wọ́n sì tẹ́tí. Orin náà kò le rárá. Màmá wa àgbà a máa kọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń bó ẹ̀gúsí, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n nínú ilé. Nígbà tí mo fọn ún tán, Bàbá ní: "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń wá ọkọ nínú orin oko?"

Mo ní: "Ẹ má bínú, Bàbá, ọkọ́ ni mo pè, kì í ṣe ọkọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: "Ọkàn rẹ lè máa pe ọkọ́, ṣùgbọ́n nǹkan tó wà lẹ́nu rẹ yẹn, ọkọ ló ń pè."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tó fà á tí hàmóníkà, èyí tí a ó máa pè ní dùùrù ẹnu nínú àlàyé yìí, kò fi lè pe ọ̀rọ̀ tí kò ju sílébù méjì lọ. Ìwádìí náà gbé mi kọjá ibi tí mo rò. Mo wá rí i pé káàkiri ayé ni àwọn èèyàn ti ń tú dùùrù yìí palẹ̀, tí wọ́n ń fá idẹ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń pàrọ̀ ohùn tí ilé iṣẹ́ fi sí i, nítorí pé ohun tó ṣe èmi ti ṣe wọ́n rí.

Dùùrù ẹnu kì í kúkú ṣe àjèjì láàárín wa. Nígbà tí orin wéré gbòde ní Èkó, kí fújì tó jáde láti inú rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ kan a máa fi dùùrù ẹnu sí àárín orin wọn. Àmọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti ṣètò ohùn inú rẹ̀, orin àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Ní ọdún 1857 ni Matthias Hohner bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà ní ìlú Trossingen ní Jámánì. Ní 1896 ni ilé iṣẹ́ náà gbé èyí tí wọ́n pè ní Marine Band jáde, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní.

Ihò 10 ló wà lára irú èyí tó wọ́pọ̀ jù. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ahọ́n idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà: ọ̀kan ń dún bí a bá fẹ́ èémí sí i, èkejì ń dún bí a bá fa èémí sínú. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ahọ́n 20. Ẹni tó bá ti kọrin rí nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mọ Dò, Re, Mí, Fá, Só, Lá, Tí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn ṣàlàyé. Ihò kìíní, bí a bá fẹ́ ẹ, Dò. Bí a bá fà á, Re. Ihò kejì, bí a bá fẹ́ ẹ, Mí. Bí a bá fà á, Só. Ihò kẹta, bí a bá fẹ́ ẹ, Só. Bí a bá fà á, Tí. Ihò kẹrin, bí a bá fẹ́ ẹ, a ti padà sí Dò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Dò, Re, Mí, Só, Só, Tí, Dò. Fá dà? Lá dà? Só nìkan ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó jókòó sórí àga méjì nígbà tí àlejò wà lórí ìdúró.

Láti ihò kẹrin dé ìkeje, gbogbo ohùn ló pé. Lókè pátápátá, Tí tó yẹ kó ṣáájú Dò ìkẹyìn tún di àwátì. Bí a bá ka ohùn láti Dò ìsàlẹ̀ dé Dò òkè pátápátá, 22 ló yẹ kó jẹ́. Ahọ́n 20 la ní, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ àsọtúnsọ, ó wá ku 19. Ohùn mẹ́ta ló sọnù, Lá ìsàlẹ̀ yẹn ló sì dùn wá jù.

Ẹnìkan lè ní kí n kúkú fọn orin mi láti ihò kẹrin sókè, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti pé. Mo gbìyànjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ orin wa kì í dúró sórí Dò; wọ́n a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Lá àti Só tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n a tún gòkè padà. Ibi tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ sí yẹn gan-an ni òfìfo wà. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ nínú orin ìbílẹ̀ Yorùbá ni kì í lò ju ohùn márùn-ún lọ: Dò, Re, Mí, Só àti Lá. Ẹni tó ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀ lè má mọ̀ rárá pé Fá kò sí nílé. Ṣùgbọ́n bí Lá bá sọnù, ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó ní ti lọ.

Nínú orin Màmá, Só ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, Lá ló parí sí. Ohùn gòkè, ó di ọkọ́ tí a fi ń roko. Nígbà tí n kò rí Lá, mo tún Só fọn lẹ́ẹ̀kejì. Ohùn dúró lójú kan, ó di ọkọ, olówó orí obìnrin. Ká ní mo sọ̀ kalẹ̀ ni, ọkọ̀ ni ì bá dà, Bàbá ì bá sì bi mí bóyá ìrìn àjò ni mò ń lọ. Dò, re, mí tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Onídùndún lè fún awọ rẹ̀ le, ó lè dẹ̀ ẹ́, kó sì rí ohùn tó bá fẹ́. Dùùrù ẹnu kò ní ọṣán tí a lè fà. Ohùn tí wọ́n bá kàn mọ́ ọn ni yóò fọ̀.

Kí ló wá dé tí àwọn tó ṣe é fi yọ ohùn mẹ́ta sílẹ̀? Kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ fi ẹnu bo ihò kìíní dé ìkẹta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fẹ́ ẹ: Dò, Mí, Só yóò dún pa pọ̀, yóò sì dùn. Ẹ wá fà á láti ihò kìíní dé ìkẹrin: Re, Só, Tí, Re yóò dún pa pọ̀, òun náà yóò sì dùn. Àkànpọ̀ ohùn méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ orin ijó àwọn ará ìgbèríko Yúróòpù dúró lé. Ẹni tí kò kọ́ orin rí lè máa fẹ́, kó máa fà, kí àwọn èèyàn sì máa jó. Bí wọ́n bá fi Fá àti Lá sí àárín wọn, ariwo ni yóò dà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi fi ohùn méjì rúbọ. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní Richter, òun náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ dùùrù ẹnu tó wà lọ́jà lónìí.

Àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi hàn gbangba pé ètò yìí kì í ṣe òfin tí a kò gbọdọ̀ rú. Wọn kò fi ọwọ́ kan idẹ rẹ̀ rárá. Ẹnu àti ọ̀fun ni wọ́n lò. Nínú orin búlúùsì, wọ́n a mú dùùrù tí wọ́n ṣe fún C, wọ́n a fi Só rẹ̀ ṣe Dò tiwọn, kí ọ̀pọ̀ ohùn tí wọ́n fẹ́ lè jẹ́ ti fífà sínú. Wọ́n a wá yí bí ahọ́n ṣe tẹ́ sí lẹ́nu padà, ohùn a sì tẹ̀, a rẹlẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Ní ihò kẹta, Tí lè tẹ̀ títí yóò fi kan Lá tí ó sọnù, yóò tiẹ̀ kọjá rẹ̀ díẹ̀. Ní ihò kejì, Só lè tẹ̀ dé Fá. Little Walter, ọmọ Louisiana tó kú ní 1968, wà lára àwọn tí iṣẹ́ yìí mọ́ lọ́wọ́ jù.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò ní ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Kò tíì tán. Ohùn títẹ̀ kì í dún bí ohùn tó dúró fúnra rẹ̀. Ó máa ń ní ìkérora nínú. Ìkérora yẹn ni adùn búlúùsì, ṣùgbọ́n orin bíbó ẹ̀gúsí kò nílò rẹ̀. Ó tún gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ọ̀fun tó mọ ibi tí yóò dúró sí. Èmi ò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa. Lá mi a máa sún mọ́ Tí jù, a sì máa ṣubú lulẹ̀ nígbà mìíràn. Nínú èdè tó jẹ́ pé gíga àti ìlọsílẹ̀ ohùn ló ń pààlà sáàárín ọ̀rọ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ ń mì lójú kan náà ti wà nínú ewu.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tó pinnu pé bí ohùn kò bá sí nílé, àwọn yóò kọ́ yàrá fún un. Brendan Power, tí wọ́n bí ní Kẹ́ńyà tó sì dàgbà ní New Zealand, wà lára wọn. Orin àwọn ará Ireland ló fẹ́ fọn, orin tó ń sáré, tí kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí yóò máa tẹ ohùn. Ó wo Só méjì tó wà nísàlẹ̀, ó sì rí i pé a kò nílò méjèèjì bí orin lásán la bá fẹ́ fọn. Ó mú Só ti ihò kẹta, èyí tí a ń fẹ́, ó sì gbé e gòkè ní odidi ìró kan, títí ó fi di Lá. Ahọ́n kan ṣoṣo nínú 20 ló yí padà. Paddy Richter ni orúkọ tí ètò yìí ń jẹ́. Ní 1994 ni Power gbé àwo orin tó pè ní New Irish Harmonica jáde.

Ẹ wá ka ìsàlẹ̀ dùùrù náà báyìí: Dò, Re, Mí, Só, Lá, Tí, Dò. Fá nìkan ló kù tí kò sí. Ohùn márùn-ún tí orin wa fẹ́ràn pé síbẹ̀ láìsí ìtẹ̀, láìsí ìkérora. Ètò tí wọ́n tìtorí Ireland ṣe bá orin bíbó ẹ̀gúsí mu ju èyí tí gbogbo ayé ń tà lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fojú rí i lórí pépà, n kò gbà á gbọ́. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àwọn ètò mìíràn wà. Charlie McCoy, gbajúmọ̀ afọndùùrù ẹnu ní Nashville ní Amẹ́ríkà, lo èyí tí wọ́n fi ń gbé Fá ti ihò karùn-ún gòkè ní ìdajì ìró, kí ẹni tó fi Só ṣe Dò lè ní Tí tó tọ́. Lee Oskar, ọmọ Denmark tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ olórin War sílẹ̀, dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1983. Ilé iṣẹ́ Tombo ní Japan ló ń bá a ṣe dùùrù náà, ó sì ń ta irú èyí tí wọ́n ti yí ohùn wọn padà látìbẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀kan tí ó wà fún orin arò, wọ́n rẹ Mí àti Tí sílẹ̀ ní ìdajì ìró, ó sì di ohun tí ń mú ọkàn rọ̀ bí wọ́n bá ṣe ń fọn ọ́n. Seydel, ilé iṣẹ́ Jámánì kan tó ti wà láti 1847, máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ yan ohùn inú dùùrù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń gbà, ẹ̀yin náà sì mọ iye tí náírà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú fáìlì.

Bí ahọ́n idẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n kàn mọ́ àwo idẹ, orí rẹ̀ wà lófìfo, ó sì ń mì bí èémí bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ó bá ṣe ń yára mì tó ni ohùn ṣe ń ga tó. Só tí à ń wí yìí ń mì ní ìgbà 392 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lá ń mì ní 440. Bí a bá fá díẹ̀ kúrò lórí ahọ́n náà, ẹrù rẹ̀ fúyẹ́, ó yára, ohùn gòkè. Bí a bá fá ìdí rẹ̀, níbi tí agbára rẹ̀ wà, ó rọ̀, ó falẹ̀, ohùn sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ fá a rárá lè fi gọ́ọ̀mù rírọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ pépà mọ́ ògiri díẹ̀ bíńtín lé e lórí. Ẹrù rẹ̀ wúwo, ohùn rẹlẹ̀, tí ọkàn ẹni bá sì yí padà, a yọ ọ́ dànù. Ọ̀nà gọ́ọ̀mù yìí dára fún ẹni tó kàn fẹ́ dán orin arò wò. Àmọ́ kò sí gọ́ọ̀mù tó lè gbé Só gòkè dé Lá.

Ohun tí mo kó jọ kò ju mélòó kan lọ: sukudíráfà kékeré, fáìlì wẹ́wẹ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ń lò, pẹlẹbẹ idẹ tó fẹ́lẹ́ bíi pépà láti fi gbé ahọ́n dúró nígbà tí a bá ń fá a, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, àti ètò orí fóònù tó ń wọn ohùn. Ahọ́n tí a ń fà sínú wà lójú ìta àwo ìsàlẹ̀, ẹni bá ṣí ìbòrí rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ti fífẹ́ ló sá pa mọ́ sí inú, a ní láti tú gbogbo àwo òkè kúrò kí a tó rí i. Nítorí náà, kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ má ṣe ra èyí tí wọ́n fi ìṣó kàn pa. Èyí tó ní sukúrù ni kó rà.

Dùùrù àkọ́kọ́ tí mo fi dánra wò kò yè é. Ìwàǹwára ló pa á. Mo fẹ́ kí Só di Lá láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, mo fá ojú kan ṣoṣo, mo sì fá a ní ìbú. Ohùn gòkè lóòótọ́, inú mi dùn, mo fọn ún fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ó sì dákẹ́. Nígbà tí mo ṣí i, ilà tíntín kan ti la ahọ́n náà níbi tí fáìlì ti bù ú jẹ. Idẹ tó ń mì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò lè fara da ojú ọgbẹ́ tó dábùú rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo fá a ní òòró, láti àárín lọ sí orí, ní ìwọ̀nba bí ẹni ń nu eruku. Fífá máa ń mú kí idẹ gbóná, ohùn rẹ̀ kì í sì jẹ́ òtítọ́ nígbà náà. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, mo fi sílẹ̀ kó tutù, mo tó wọ̀n ọ́n. Odidi ìró kan pín sí ọ̀nà 200 lójú ètò orí fóònù náà. Mo fá 30, mo sinmi. Mo fá 30 mìíràn, mo sinmi. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Nígbà tí ó ku díẹ̀, mo dá àwo náà padà, mo fi ẹnu fọn ún, nítorí ohùn tí ahọ́n ń fọ̀ nígbà tí ó wà lóde kì í ṣe ohùn tí yóò fọ̀ bí èémí ènìyàn bá ń tì í.

Ohun tí mo pàdánù kò kéré, ó yẹ kí n sọ ọ́. Dò, Mí, Só tó ń dùn pa pọ̀ nísàlẹ̀ ti lọ. Bí mo bá fẹ́ ihò mẹ́ta àkọ́kọ́ báyìí, Dò, Mí, Lá ni mo ń gbọ́, ó sì ń dún bí ilé tí wọ́n ti ń sunkún. Tí ti ihò kẹta kò tẹ̀ mọ́ ju ìdajì ìró lọ, torí pé ahọ́n méjì inú ihò kan ló ń fún ara wọn láàyè láti tẹ̀, mo sì ti sún ọ̀kan mọ́ ìkejì. Ẹni tó fẹ́ràn búlúùsì kò gbọdọ̀ ṣe èyí sí dùùrù kan ṣoṣo tó ní. Kó ní méjì, kó fi ọ̀kan sílẹ̀ bí Hohner ṣe fẹ́ ẹ.

Mo fọn orin oko náà fún Bàbá lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọn kò sọ nǹkan kan títí mo fi parí. Wọ́n wá ní: "Ọkọ́ ti dé." Wọ́n ní kí n tún un fọn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn fúnra wọn ló gbé e, tí mo ń gbè é lẹ́yìn.

Mo ti fi ọ̀dà pupa kan bíńtín sí ẹ̀gbẹ́ dùùrù náà kí n má baà ṣì í mú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ṣàkíyèsí pé Lá ti lọ sílẹ̀ bí ọ̀nà 10, ohun tí ẹlòmíràn lè má gbọ́. Mo ti ṣí i sórí tábìlì báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí, fáìlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ń dúró kí iná dé kí n lè rí ahọ́n náà dáadáa.